ÌWÉ ÀDÌÌTÚ TÍ BEATRIX POTTER FI SÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ ìtàn Peter, ehoro aláìgbọràn nì tí ó wọ ọgbà olóko. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé Beatrix Potter, ará Lọ́ńdọ̀nù (1866–1943), ẹni tí ó kọ ìtàn náà tí ó sì ya àwòrán rẹ̀, fi ìwé mìíràn sílẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè kà. Ọ̀rọ̀ àwọn ìwé ìpamọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé sọ.

Láti 1881 títí di 1897 ni ó fi ń kọ ìwé-ìrántí ní àmì tí òun tìkára rẹ̀ ṣẹ̀dá, wẹ́wẹ́ tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ni ojú lára. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá pa àrokò mọ ẹni tí yóò tú u. Ṣùgbọ́n àrokò yìí kò ní olùgbà. Nígbà tí ó darúgbó, ó kọ̀wé sí ìbátan rẹ̀ kan pé òun kò lè kà á mọ́, bí òun tilẹ̀ fi awò wò ó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Leslie Linder wò ó fún ọdún púpọ̀ láìrí ojútùú, títí ó fi bá XVI àti 1793 pàdé nínú rẹ̀ ní 1958. Ó rántí Louis Kẹrìndínlógún, ọba Faransé tí a bẹ́ lórí ní ọdún náà. Níbẹ̀ ni ìdì náà ti tú. A tẹ ìwé náà jáde ní 1966.

Ǹjẹ́ ó tọ́ láti ṣí ohun tí òkú tì pa? A kò fojú tín-ín-rín ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n kò sun ìwé náà níná, ó sì ti ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó wà. Kí ni a sì bá níbẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, bí kò ṣe ìrìn àjò, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, àti ìdájọ́ ọmọbìnrin kan lórí àwòrán àwọn olókìkí, láìṣe ojúsàájú. Bí a ti í ṣọgbà yí ọ̀gbìn ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣọgbà yí èrò rẹ̀ ká. Nígbà tí igi ti dàgbà, a lè wọlé wò ó, bí a bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ó tún ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán olú, èyí tí a pa mọ́ sí Armitt ní Ambleside. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1897, ẹlòmíràn ni ó gbé ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí olú lọ síwájú Linnean Society, nítorí a kò gba obìnrin láyè ní ìpàdé wọn. Ìwé náà sọnù. Àwòrán rẹ̀ kù, a sì tẹ 59 nínú wọn sínú ìwé kan nípa olú ní 1967. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ojú tí ó ti ka ìlà abẹ́ olú lọ́kọ̀ọ̀kan ni ó ya etí ehoro tí a fi rò pé yóò mira.

Ṣùgbọ́n a ní láti sọ àbùkù kan. Ojú-ìwé púpọ̀ nínú ìwé-ìrántí náà gbẹ, nítorí kò sí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà tí ó kọ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 1893 sí Noel Moore, ọmọ ọdún márùn-ún tí ó ń ṣàìsàn, ọmọ obìnrin tí ó ti kọ́ ọ níwèé rí. Kò ní ìròyìn láti sọ, nítorí náà ó sọ ìtàn ehoro mẹ́rin, ó sì ya wọ́n sí àárín ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì yè, nítorí ó rí ojú ọmọ tí yóò kà á. Noel pa lẹ́tà náà mọ́; nígbà tí Potter fẹ́ sọ ọ́ di ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti yá a padà. Àwọn òǹtẹ̀wé kọ̀ ọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ tẹ 250 ní oṣù kejìlá 1901, kí Frederick Warne tó gbé e jáde ní 1902.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ náà bá ti fi lẹ́tà yẹn dáná ńkọ́? Nígbà tí ọdún bá parí, tí ẹ sì ń kó ìwé àwọn ọmọ jọ fún iná, ẹ kọ́kọ́ ṣí wọn wò. Ẹ sì kọ́ wọn kí olúkúlùkù mọ ẹni tí òun ń kọ̀wé sí.