Ẹ̀rọ Ta Ni Ìwọ̀n? Lámèyítọ́ Ọ̀rọ̀ Náà «Optimisé» Nínú Eré Fídíò

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe eré fídíò ní Bantè àti Savalou sábà máa ń sọ ní Faransé pé eré kan jẹ́ «bien optimisé»: ó ń yára, kì í há. Bí eré náà bá wá ń há lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ̀bi di ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ní ojú gírámà, eré nìkan ló ń yán. Lójú tèmi, àpólà kan sọnù lẹ́yìn rẹ̀: fún ẹ̀rọ wo?

Ọjà ló sábà máa ń dí àlàfo yẹn. Ní 2024, nínú 100 káàdì àwòrán, ìyẹn «carte graphique», tí wọ́n kó wá sọ́jà àgbáyé fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ti Nvidia lé ní 80. AMD ló ní èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ti Intel kéré gan-an. Àkókò àti owó àwọn tó ń ṣe eré ní ìwọ̀n, nítorí náà ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dán eré wò lórí rẹ̀. Nvidia náà sì ń fi irinṣẹ́ àti onímọ̀ ẹ̀rọ ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wo The Witcher 3, tí CD Projekt Red ti ilẹ̀ Pólándì gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2015. HairWorks, irinṣẹ́ Nvidia, ló lè máa ya irun Geralt, akọni eré náà, àti ti àwọn ẹranko. Ó ń gé fọ́nrán irun sí wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀, iṣẹ́ tí káàdì Nvidia tuntun ìgbà náà yára ṣe ju ti AMD lọ. Eré náà wá ń falẹ̀ lórí AMD, àní lórí àwọn Nvidia tó ti pẹ́ díẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó ní AMD dín gígé náà kù nínú ètò káàdì wọn, eré yára sí i, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ nínú irun. Ìwọ̀n ló ga jù. Káàdì wọn kọ́ ló gọ̀.

Kì í ṣe Nvidia nìkan. Starfield jáde ní oṣù kẹsàn-án 2023 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn AMD. FSR, ọgbọ́n AMD fún sísọ àwòrán kékeré di ńlá, wà nínú rẹ̀. DLSS, irú rẹ̀ ti Nvidia, kò sí. Ariwo ta, wọ́n sì fi DLSS kún un ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ẹni tó pọ̀ lọ́jà kì í pẹ́ gbọ́ èsì ariwo rẹ̀.

Ní Bantè àti Savalou, kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí mo mọ̀. Kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀. Inú pírósẹ́sọ̀ Intel ni àwòrán ti ń jáde. Ta ni yóò pariwo fún wọn? N kò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ dọ́gba. Èyí kò lágbára tó káàdì rárá. Ohun tí mo ń bá jà ni ìdájọ́ tó fi ìwọ̀n rẹ̀ pamọ́. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ irú rẹ̀. Bí ọmọ Bantè tó ń sọ Ìcà bá kọsẹ̀ nínú ìwé Yorùbá àjùmọ̀lò, a kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò gbọ́ èdè. A máa ń béèrè pé èdè ta ni wọ́n fi dán an wò.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń ṣe lámèyítọ́ eré dá àpólà tó sọnù padà: káàdì wo, àwòrán mélòó ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣé FSR tàbí DLSS ń ràn án lọ́wọ́, báwo ló ṣe rí lórí Intel tí kò ní káàdì? Ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú owó láti ra kọ̀ǹpútà àlòkù ní Savalou lè fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe ìpinnu. «Bien optimisé» lásán kò lè sọ fún un bóyá owó rẹ̀ yóò ṣòfò.