Ohun tí Etí Kò Gbọ́: Àtúnkà Ìwé Ìwádìí kan lórí Ìtọ́kọ̀ Ọkọ̀ Òfuurufú

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú Airbus A310 ti ilé iṣẹ́ Air Transat gbéra ní Varadero, ní Kúbà, ó ń lọ sí Quebec. Ènìyàn 271 ni ó gbé. Nígbà tí ó dé òkè, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000, ariwo ńlá kan dún, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn awakọ̀ darí rẹ̀ padà sí Varadero, wọ́n sì balẹ̀ láyọ̀. Ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn ti já lọ, ìdí rẹ̀ díẹ̀ ló kù.

Ìwé tí àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Kánádà gbé jáde lórí rẹ̀ ní 2007 wà lédè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sábà máa ń rí tí àwọn ènìyàn ń tọ́ka sí nínú rẹ̀: pé ètò àyẹ̀wò tí olùṣe ọkọ̀ là sílẹ̀ kò tó láti rí gbogbo àbùkù ìtọ́kọ̀. Láti ibẹ̀, wọn a fò sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ: ẹ jẹ́ ká ra èyí tó ń fi ìgbì ohùn wo inú, ẹ jẹ́ ká lẹ èyí tó ń ṣọ́nà mọ́ ara ọkọ̀. Lójú tèmi, wọ́n fi ibi tó wúwo jù nínú ìwé náà sílẹ̀.

Ẹ wo bí a ṣe ṣe ìtọ́kọ̀ náà. Awọ fẹ́lẹ́ méjì ni, tí a fi okùn kábọ́ọ̀nù ṣe ní ìpele ìpele. Láàárín wọn ni bébà líle tí a ṣe bí afárá oyin wà. Bí awọ bá ṣí kúrò lára afárá, òde ṣì ń dán. Ojú àti lílù ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á fi nǹkan kékeré lu awọ, wọ́n á sì tẹ́tí sí ohùn rẹ̀, bí ẹni tó ń ra ìkòkò lọ́jà ṣe ń fi ìka lù ú kó má baà gbé èyí tó ti sán lọ sílé. Kò burú. Ṣùgbọ́n ara kan péré ni ìkòkò ní. Ẹni tó ń lu awọ òde ìtọ́kọ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ gbúròó awọ inú. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, lára ọkọ̀ A300 kan, a rí ìtọ́kọ̀ tí epo háídírọ́líìkì ti wọ inú rẹ̀, tí awọ inú sì ti ṣí.

Afẹ́fẹ́ há sínú afárá yẹn. Ní ibi gíga bí ẹsẹ̀ bàtà 35,000, agbára afẹ́fẹ́ òde kò tó ìdá mẹ́rin ti ẹ̀bá òkun, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú a máa ti awọ síta. Bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè ló ń tì í, bó bá sọ̀kalẹ̀ a tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́. Ìwé náà sọ pé kò sí ohunkóhun nínú irú ìtọ́kọ̀ yìí tí yóò dá ìṣí náà dúró kó tó dé ìwọ̀n tó léwu. Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ríran dáadáa yóò sọ bí ìṣí ṣe tóbi tó lónìí. Kò ní sọ iye ìgbà tí ọkọ̀ tún lè fò. Lára irin, a lè ka bí sísán ṣe ń gùn. Lára ìpele kábọ́ọ̀nù, bí ẹrù bá fi díẹ̀ lé sí i, eré tí ìyapa ń sá a di ìlọ́po ìlọ́po, àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò ẹrù a sì ba gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́.

Àwọn ìwé tó ń yin ẹ̀rọ tuntun kò ràn wá lọ́wọ́ tó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ti Teflon pẹlẹbẹ sáàárín ìpele nígbà tí wọ́n ń ṣe pátákó ìdánwò. Ẹ̀rọ a sì rí i kíá. Ta ló ti Teflon sínú ìtọ́kọ̀ tó ń fò? Ibi tí ojú méjì fara kan ara wọn láìlẹ̀ mọ́ra ló ń kó ìdààmú báni, nítorí ìgbì ohùn a gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè. “Ìbàjẹ́” ni a sábà máa ń kọ fún ohun mẹ́ta: yíyapa ìpele, ṣíṣí awọ kúrò lára afárá, àti yíya afárá fúnra rẹ̀. Ìwé Kánádà sọ pé awọ ti ṣí tàbí pé afárá ti ya kí ọkọ̀ tó gbéra. Kò yan ọ̀kan. Bí a bá fi “ìbàjẹ́” rọ́pò méjèèjì, “tàbí” yẹn pòórá, ẹni tó sì ń ka Yorùbá nìkan yóò rò pé àwọn olùwádìí mọ ohun tí wọn kò sọ pé àwọn mọ̀.