Iṣẹ́ Ni Í Yan Ráàmù

Nínú gbogbo ohun tí à ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó kí n jókòó yan ráàmù àti dísìkì fún ẹ̀rọ ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń gé fíìmù, àwọn ayàwòrán-ilé àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń jẹun. Pírósẹ́sọ̀ tó lágbára kò ṣòro mọ̀, owó orí rẹ̀ ló ń fi í hàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí àpótí kọ̀ǹpútà, tí mo wo bí ráàmù ṣe tò sínú ihò wọn àti irú dísìkì tí wọ́n kó fáìlì sí, mo ti mọ̀ bóyá ẹni tó tò ó mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ náà ṣe. Òye iṣẹ́ oníbàárà ló ń ṣáájú, ọjà rírà ló ń tẹ̀ lé e.

Ní Computer Village, Ìkẹjà, ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù ni, “Injíníà, ráàmù mélòó ni kí n fi sí i?” Ẹ̀gbọ́n kan tó ń gé fíìmù Yorùbá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá báyìí. Ó ní kí n sọ ráàmù 64 GB inú rẹ̀ di 128 GB, torí pé fídíò ń há mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ ṣí iṣẹ́ náà kí n rí i ná.” Ó ṣí i. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n fi ya ìran náà, ProRes 422 HQ ní 4K sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ṣí Task Manager sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ráàmù tó ń lò kò dé 40 GB, ṣùgbọ́n dísìkì tí fídíò wà lórí rẹ̀ ti kan 100%, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Irú fídíò yẹn, ní fíréèmù 24, ń jẹ nǹkan bí 88 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lé ní 260 MB. Háàdì dísìkì tó ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan lè ka nǹkan bí 200 sí 250 MB bí fáìlì bá tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí orí tó ń kà á bá wá ní láti máa fò kiri láàárín fáìlì mẹ́ta, iye yẹn á já wálẹ̀ gan-an. SSD SATA tó ń ka nǹkan bí 550 MB ti tó o ṣe. SSD NVMe 2 TB, tó tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, la fi sí i, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn geere, ráàmù rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ohun tó yẹ ní í yẹni, okùn ọrùn kì í yẹ adìyẹ.

Ibi tí ráàmù ti jẹ́ ọ̀gá náà wà. Ayàwòrán-ilé tó kó odindi ilé, igi, àga àti gíláàsì sínú ìran kan, tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yọ ọ́ jáde bí àwòrán, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ráàmù kún. Bó bá kún, ẹ̀rọ á máa da àpọ̀jù sórí dísìkì. Ráàmù DDR5-6000 lórí ọ̀nà méjì sí pírósẹ́sọ̀ lè gbé 96 GB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí NVMe gidi ti PCIe 4.0 ń gbé nǹkan bí 7 GB. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí lọ́sàn-án á wá di àṣemọ́jú. Fún irú oníbàárà yìí, mo máa ń wo iye tí iṣẹ́ rẹ̀ tó wúwo jù ń jẹ, màá fi ìdajì rẹ̀ lé e, n kì í sì í gbà kó dín in kù nítorí iná aláràbarà tó fẹ́ rà sára àpótí.

Bí mo bá mú ẹyọ ráàmù kan dání, ìyanu ló ṣì ń jẹ́ fún mi. Robert Dennard ti ilé iṣẹ́ IBM ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n rẹ̀ ní 1968: tíránsísítọ̀ kan àti kápásítọ̀ kan fún bíìtì kọ̀ọ̀kan. Iná inú kápásítọ̀ yẹn ń jò. Nínú DDR4, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kà kí wọ́n sì tún kọ padà láàárín milísẹ́kọ́ńdì 64, ìyẹn ni pé ó lé ní ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 85°C, àkókò yẹn á dín sí ìdajì, torí pé ooru ń mú kí iná tètè jò. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi to ráàmù púpọ̀ sínú àpótí tí atẹ́gùn ò ráyè kọjá, pàápàá nínú ọ́fíìsì Èkó tí wọ́n ń pa ẹ̀rọ amúlétutù bí iná bá ti lọ.

Ọ̀nà tí ráàmù ń gbà bá pírósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bi wá nípa rẹ̀. Ẹ mú HP Z440, tòkunbọ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa. Ihò ráàmù mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan pírósẹ́sọ̀, mẹ́rin ní ìkejì, ọ̀nà mẹ́rin ló sì ní. Bí gárééjì bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́rin, tí wọ́n wá ṣí ọ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ inú rẹ̀ kò dín, àmọ́ gbogbo wọn á tò sójú kan náà. Bí ẹyọ 32 GB kan ṣoṣo ṣe rí nínú Z440 nìyẹn. Ẹyọ 8 GB mẹ́rin, 32 GB náà ni, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ DDR4-2400, ohun tó lè kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á kúrò ní 19.2 GB, á di 76.8 GB. Registered ECC ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe irú ti kọ̀ǹpútà ilé. Mo máa ń fi àtàńpàkò méjèèjì tẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, títí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dún “kẹ́”. Lẹ́yìn náà ni màá wọ BIOS lọ wò ó bóyá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rí.

Lórí ẹ̀rọ AM5 tuntun ti AMD, ìmọ̀ràn mi yí padà. Ihò mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà méjì ni. Pẹ̀lú Ryzen 9000, AMD fọwọ́ sí DDR5-5600 fún ẹyọ méjì. Bí a bá fi ẹyọ mẹ́rin sí i, 3600 ni wọ́n fọwọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ 96 GB, ẹyọ 48 GB méjì ni mo ń fún un, inú ihò kejì àti ìkẹrin sì ni mo sábà ń fi í sí, bí ìwé motherboard bá ṣe wí. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ju èyí lọ gan-an, Threadripper 7000 tó ní ọ̀nà mẹ́rin tàbí Threadripper PRO tó ní mẹ́jọ la máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ECC, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mí lógún. Bíìtì kan lè yí padà nínú ráàmù láìjẹ́ pé ẹ̀rọ kú, kí nọ́ńbà inú ìṣirò sì dàrú láìsí ẹni tó mọ̀. ECC ń tún bíìtì kan tó yí ṣe, ó sì ń kéde bó bá di méjì. Ní 2009, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto àti àwọn òṣìṣẹ́ Google gbé ìwádìí jáde lórí ráàmù inú àwọn ẹ̀rọ Google: ó lé ní ìdá 8 nínú 100 ẹyọ ráàmù tó ní àṣìṣe láàárín ọdún kan. Àwọn kan ń tajà pé gbogbo DDR5 ti ní ECC. Èyí tó wà nínú DDR5 lásán, inú ṣíìpù ló ti ń ṣe àtúnṣe, kò ṣọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ráàmù àti pírósẹ́sọ̀. Ẹni tó ń ṣírò afárá, oògùn tàbí owó ìlú, ECC gidi ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó rà, kódà bó bá máa fi ìyára díẹ̀ dí i.

Ní ti dísìkì, mo máa ń pín in sí mẹ́ta: SSD kan fún Windows àti àwọn ètò, NVMe mìíràn fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, háàdì dísìkì ńlá fún èyí tó ti parí. Fún ti àárín yẹn, TLC tó ń kó bíìtì mẹ́ta sínú yàrá kan ni mo ń yàn ju QLC tó ń kó mẹ́rin lọ. Bí àyè ìkọ̀wé kíákíá inú QLC bá ti kún, ìyára rẹ̀ máa ń ṣubú lójijì, kódà ó lè kéré sí ti háàdì dísìkì. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé SSD á tètè gbó, kó fara balẹ̀: Samsung 980 PRO 1 TB, 600 TB ni wọ́n ṣe onídùúró fún. Ẹni tó ń kọ 200 GB sí i lójoojúmọ́ á lò ó ju ọdún mẹ́jọ lọ kó tó kan iye yẹn. PCIe 5.0 tó ń ka nǹkan bí 14 GB dára púpọ̀ fún ẹni tó ń kó fáìlì ràgàjì kiri. Ẹni tó kàn ń ṣí fáìlì kéékèèké, bóyá ló máa mọ ìyàtọ̀.

RAID 1, tó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì, dára, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fáìlì tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́, orí dísìkì méjèèjì ló ti ń pa rẹ́. Òfin tí ayàwòrán Peter Krogh sọ di mímọ̀ ni mo ń tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Nílẹ̀ wa, mo fi UPS kún un. Ohun tó wà nínú ráàmù kò ní dúró bí iná bá lọ, SSD tí kò ní kápásítọ̀ ààbò sì lè pàdánù ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé owó UPS wà lára owó dísìkì.

Èyí ni mo ń fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Kí wọ́n tó dárúkọ iye GB kan, kí wọ́n béèrè bí fáìlì tó tóbi jù ṣe tó, iye rẹ̀ tí oníbàárà ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bí fáìlì náà bá sọ nù lóru òní. Nígbà tí ẹ̀rọ bá sì parí, kí wọ́n lè nàka sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ lójú oníbàárà, kí wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ̀ tó mú un wá síbẹ̀. Ẹyọ tí wọn ò bá rí ìdí rẹ̀ sọ, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì dá owó rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín.