Ọjọ́ Kẹrin ní Lanzarote

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbaradì, gbogbo eléré ni òmùwẹ̀. Ara ṣì le, oorun alẹ́ ti tó, ọwọ́ ń gé omi bó ṣe yẹ. Ọjọ́ kẹrin ni mo fẹ́ràn láti wo àwọn eléré oríṣi mẹ́ta, àwọn tó ń wẹ̀, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì tún ń sáré lé e. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti wọ inú eegun lọ nígbà náà. Ẹni tó mọṣẹ́ á wá yàtọ̀ sí ẹni tó lágbára lásán.

Sípéènì ló ni erékùṣù Lanzarote, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ló sún mọ́. Etíkun Mòrókò kò fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 130 lọ. Láti 1730 títí di 1736 ni ilẹ̀ ibẹ̀ ń pọ iná, òkúta dúdú tó ṣàn jáde nígbà náà ṣì tẹ́ lọ bí ojú ti lè ríran tó. Igi ṣọ̀wọ́n, òjò ṣọ̀wọ́n, afẹ́fẹ́ nìkan ni kì í ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá ṣe láti Sàhárà ló ti ń fẹ́, eruku aṣálẹ̀ tó máa ń bá ọyẹ́ dé ọ̀dọ̀ tiwa nílé á bo ojú ọ̀run níbẹ̀ náà. Láti 1992 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje Ironman ní erékùṣù yìí: kìlómítà 3.8 nínú òkun, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀. Abájọ tí àwọn ará Yúróòpù fi ń wá gbára dì níbẹ̀ nígbà tí òtútù bá mú nílé wọn, pàápàá ní ibùdó eré ìdárayá Club La Santa, níbi tí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ onímítà 50 wà.

Lọ́jọ́ kẹrin yìí, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí àwọn eléré náà fi bọ́ sómi. Ọmọbìnrin kan wà ní ìlà kẹta tí n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wọ omi láìta omi sókè. Kí ó tó fà á, á kọ́kọ́ dojú àtẹ́lẹwọ́ àti apá ìsàlẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ìgúnpá rẹ̀ á sì wà lókè nítòsí ojú omi. Ibi ìgúnpá yìí ni àárẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ hàn. Bí ó bá ti rì, ọwọ́ kò fa omi sẹ́yìn mọ́, ìsàlẹ̀ ló ń tì í lọ, ara kò sì ní rìn. Kóòṣì kò fi bẹ́ẹ̀ wo aago. Iye ìgbà tí ọwọ́ wọ omi láti ògiri kan dé èkejì ló ń kà. Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 38. Lẹ́yìn kìlómítà mẹ́ta, 39 ni. Ọkùnrin tó wà ní ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gòkè láti 40 sí 47, bẹ́ẹ̀ aago rẹ̀ kò tíì yí padà púpọ̀. Agbára ló fi ń ra àkókò yẹn. Kóòṣì dá a dúró, ó ní kó di ìkúùkù, kó fi wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀. Ẹni tó di ìkúùkù kò ní àtẹ́lẹwọ́ tó lè fi tan ara rẹ̀ jẹ, àfi kí apá ìsàlẹ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó la ọwọ́ padà, ó wálẹ̀ sí 42.

Lẹ́yìn oúnjẹ, kẹ̀kẹ́ kàn. Wọ́n gba Teguise lọ sí òkè Haría, afẹ́fẹ́ sì dojú kọ wọ́n láti àríwá ìlà-oòrùn. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí, nítorí ẹni tó sá sẹ́yìn ẹlòmíràn lè dín ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù nínú iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe. (Nínú ìdíje Ironman, èèwọ̀ ni, níbi ìgbaradì, òun ló ń mú kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ délé.) Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó kan ọmọbìnrin náà láti ṣáájú. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀! Aláṣejù á tẹ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ bó bá ti débi iwájú, ìlà á já, ẹni ẹ̀yìn pátápátá á sì máa lé wọn pẹ̀lú èémí gbígbóná. Ti ọmọbìnrin náà kò yára, kò falẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ wá, ìlà náà á dagun kọjá ojú ọ̀nà láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí òkúta bá wà nílẹ̀, ìka á tọ́ka sí i, ìka ẹni tó tẹ̀lé e á tún tọ́ka.

Ọmọbìnrin náà ń jẹun kí ebi tó pa á. Gíráàmù 60 sí 90 oúnjẹ afúnnilágbára ni irú wọn máa ń jẹ ní wákàtí kan lórí kẹ̀kẹ́, ẹni tó bá sì dúró de ebi ti pẹ́ jù.

Lórí òkè, ọkùnrin méjì fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò lé wọn. Ó yí jíà sí èyí tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ bí ọ̀kọ̀ ahunṣọ lórí òfì, èjìká kò mì, ọwọ́ kò fún irin pinpin. Nígbà tí ọ̀nà wá ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì ọ̀pẹ ní Haría, ó lo bíréèkì kí ó tó dé kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìhà òde wà nísàlẹ̀, ojú sì ti ń wo ibi tí kọ́nà ti fẹ́ jáde. Níbẹ̀ ló ti bá ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn.

Wọ́n tún gun òkè Tabayesco kí wọ́n tó darí sílé. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, bàtà ìsáré ló kàn. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ máa ń ṣini lọ́nà: ó ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ bíi pé kò rìn, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ń sá jù, nítorí ojú rẹ̀ ṣì ń fi ìyára kẹ̀kẹ́ wọn ọ̀nà. Ọmọbìnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó yá, ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì orí òkè ṣì wà níwájú rẹ̀ dé òpin, ó sì ń sáré dáadáa. Ipò yẹn tọ́ sí i. Èkejì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lálẹ́, kóòṣì mú ìwé ètò ọ̀la. Ó fa igi lé eré ìdájí ẹni tó ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọ oorun síbẹ̀. Ó dín wíwẹ̀ ọkùnrin tó di ìkúùkù kù sí ìdajì. Ní ti ọmọbìnrin ìlà kẹta, kò fọwọ́ kan nǹkan kan: kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Timanfaya, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.