Ètè Ògiri

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kàwé ní Bàhíà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ti kúrò ní Salvador, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìgbèríko, sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Cachoeira, létí odò Paraguaçu. Afárá onírin kan tí wọ́n ṣí ní 1885 ló so ìlú náà pọ̀ mọ́ São Félix tó wà ní òdìkejì odò. Nínú àwòrán yìí, òpópónà dá páropáro. Ajá kan sùn sí àárín ọ̀nà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì dojú kọra, orí fèrèsé wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, wọ́n sì fi ọnà yí etí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ká bí ìgbà tí télọ̀ bá gbá etí aṣọ. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Wo bí ibí ṣe dákẹ́ tó." Níbi tí mo jókòó sí ní Ìlúpéjú lọ́jọ́ náà, jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló ń ké pọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé sì ń dún gbì, gbì, gbì lẹ́yìn mi. Mo wo àwòrán náà títí. Mo pè é, mo ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe iwájú ilé bàbá ìyá mi lo ti ya èyí?"

Mi ò fi ṣeré. Ìlú tí wọ́n ti bí ìyá mi, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀: òpó méjì-méjì níwájú, ọ̀nà kan tó la àárín ilé já láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, àtẹ̀gùn onígi, òdòdó sìmẹ́ńtì lórí òpó. Ilé Àgùdà ni àwọn àgbà ń pè é. Mo ti ń sùn nínú ọ̀kan lára wọn láti kékeré, ní gbogbo ọdún Iléyá àti Kérésì. Mo ń wò ó, mi ò rí i. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ránṣẹ́ pé iwájú ilé ti ń já sílẹ̀, pé òun ti rí bàbá kan tó ṣì mọ̀ ọ́n tún ṣe, kí n máa mú owó bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Mo gba Ìkòròdú dé Ṣàgámù, mo kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá mo ti wà níwájú ilé. Ohun àkọ́kọ́ tí etí mi gbọ́ ni ìgbálẹ̀. Ìyá kan ń gbálẹ̀ ní ojúlé kẹrin sí wa, mo sì ń gbọ́ bí ọwọ̀ rẹ̀ ṣe ń há ilẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ mi ló wà. Ìlúpéjú ni orúkọ àdúgbò wa l'Ékòó. Irú ìlú báyìí ló tú ká kó tó lè péjú. Ní òpópónà kan ṣoṣo yẹn, mo ka ilé mẹ́fà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn pa, tí koríko ti hù lẹ́nu àtẹ̀gùn wọn. Àwọn ọmọ onílé wà ní Múṣin, ní Ṣómólú, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Mo bá bàbá náà lórí àkàbà. Ó ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, ó ga, ó sì gbẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ ti gbóná," kò sì yíjú kúrò lára ògiri. Ìka rẹ̀ ló fi ń kan ògiri náà bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó kàn án níbi kan, ó dún kó. Ó sún ọwọ́ díẹ̀ sí òsì, ó dún pò. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí àárín kó àti pò. Bó ṣe ń kàn án lọ títí tó fi dé igun ilé nìyẹn, ìlà rẹ̀ sì ti yí ibi mẹ́ta ká, ibi tí sìmẹ́ńtì ti kúrò lára amọ̀ nínú tí ojú lásán kò tíì lè rí i.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe kọ́ irú ilé yìí, iṣẹ́ bàbá kò lè yé e. Kì í ṣe búlọ́ọ̀kù ló wà nínú rẹ̀. Amọ̀ pọ́nńbélé ni. Wọ́n po ó, wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n mọ ìpele kan yí ilé ká tó ga dé orúnkún, wọ́n fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Bí àwọn baba wa ṣe ń mọlé kí Àgùdà tó dé náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì wọ̀ ọ́ láṣọ. Àmọ́ amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọmọ ìyá. Bí amọ̀ bá mu omi, á wú. Bó bá gbẹ, á sún kì. Sìmẹ́ńtì kì í bá a ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Bí omi bá fi lè rọ́nà wọ àárín wọn, wọ́n á kọra wọn sílẹ̀.

Omi ti rọ́nà wọ àárín tiwa. Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹnì kan bá wa tún iwájú ilé yẹn ṣe. Ọnà gbọọrọ kan wà tó gba òkè fèrèsé kọjá láti igun dé igun, tó yọ síta lára ògiri bí ètè. Apá kan rẹ̀ ti sán. Ẹni náà gbẹ́ gbogbo apá òsì rẹ̀ kúrò, ó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, ó kùn ún lọ́dà, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Gbogbo wa la yìn ín nígbà náà pé ilé ti di tuntun. Apá òsì yẹn gan-an ni gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀kì bàbá wà. Apá ọ̀tún tí ètè ti ṣẹ́ kù, kó, kó, kó ni gbogbo rẹ̀ ń dún.

Mo bi bàbá pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ó ní ọ̀gá òun ló kọ́ òun, Èkó ni ọ̀gá òun sì ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kan. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí okùn náà ti wá. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ní Salvador ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ sì fojú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gbòmìnira gbolẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kọjá 1888, ọdún tí Brazil fòpin sí oko ẹrú nínú ilé tirẹ̀. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Èyí tó wọ Èkó nínú wọn tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹrù wọn. Lazaro Borges da Silva ni birikilà, Francisco Nobre ni gbẹ́nàgbẹ́nà, nígbà tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross àkọ́kọ́. Balthazar dos Reis, gbẹ́nàgbẹ́nà, gba àmì ẹ̀yẹ ní ìpàtẹ ńlá Lọ́ńdọ̀nù ní 1886 nítorí tábìlì kan tó fi oríṣiríṣi igi dárà sí. João Baptista da Costa ló léwájú níbi mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 ní òpópónà Martins, ẹni tó sì bá a ṣe é ni birikilà ọmọ ilẹ̀ yìí kan tó ń jẹ́ Sanusi Aka.

Sanusi Aka ni ọkàn mi dúró lé lórí. Kò rìnrìn àjò lọ sí Bàhíà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ló dúró sí, ó ń wo ọwọ́. Irú wọn ló gbé iṣẹ́ náà kúrò l'Ékòó. Nígbà tí rélùwéè tó gba Múṣin àti Òṣòdì kọjá dé Ìbàdàn ní 1901, tó dé Òṣogbo ní 1907, tí owó kòkó sì wá gbé àgbẹ̀ àti oníṣòwò sókè, ilé Àgùdà tẹ̀ lé owó wọ oko. Ẹni tó kọ́ ilé bàbá ìyá mi kò gbọ́ èdè Potogí kankan. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àkàbà. Ohun tó ṣòro jù ni pé kí ètè tuntun bá ti àtijọ́ dọ́gba, láìsí ìwé, láìsí àwòrán. Bàbá po amọ̀ tútù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ètè tó ṣẹ́ kù ní apá ọ̀tún, ó fi sílẹ̀ kó le díẹ̀, ó ṣí i bí ẹni ṣí èèpo ọsàn. Ó fi okùn tín-ínrín gé amọ̀ náà ní ìbú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àṣírí ètè hàn: ó wú, ó wọnú, ó tún wú díẹ̀, ó tẹ́ jáde gbọọrọ. Ó gbé e lé páànù, ó fi ìṣó ya ìlà rẹ̀, ó gé páànù náà, ó fi fáìlì fá etí rẹ̀ títí tó fi dán, ó wá kàn án mọ́ pákó. Móòdù ló ń pè é. Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe, mo mọ ohun tí etí tó mọ́ jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tọ́ etí páànù náà wò, kò sí eyín kankan níbẹ̀.

Mo ṣàkíyèsí ohun kan. Ní abẹ́ ibi tí ètè tẹ́ jáde, nítòsí ṣóńṣó rẹ̀, ó gé ìdí páànù náà kí ó yọ gòǹgò díẹ̀, kó lè gbẹ́ ihò tóóró sí abẹ́ ètè. Ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè rí ihò náà láé. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Ojú ò lè dé ibẹ̀." Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ti ojú. Dúró dọ̀la."

Ó ti kó gbogbo sìmẹ́ńtì tó ń dún pò sílẹ̀, ó ti fi ṣóńṣó irin gún amọ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ó sì ki àpáàdì wẹ́wẹ́ bọ inú wọn, kí tuntun lè rí ohun dì mú. Ó wọ́n omi sí i. Ó kan pákó gígùn méjì mọ́ ògiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí móòdù lè fi wọ́n ṣe ọ̀nà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, ń ju sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí wọ́n ti pò mọ́ ògiri, pá, pá, bàbá sì ń wọ́ móòdù tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ́ ọ, gẹ́gẹ́lẹ́ lásán ló rí. Ìgbà kejì, mo rí ìlà méjì. Ìgbà kẹta, ìlà mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn ló dúró, ó tẹ sìmẹ́ńtì náà wò bí ìyá ṣe ń tẹ ẹ̀kọ wò, ó ní kí gbogbo wa sinmi.

Nígbà tó dìde, ó po sìmẹ́ńtì nìkan, láìsí yanrìn, ó rí bí ọ̀gì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ó mí sínú, ó gbé móòdù lé igun òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ti fi tábìlì mẹ́ta àti pákó ṣe ọ̀nà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kí ó má bàa dúró. Kò yára, kò falẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ibi tó bá ti dúró, àpá máa wà níbẹ̀ títí ayé, ó sì mọ̀. Ìró kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo òpópónà yẹn ni ṣàààà tí páànù ń dún lára sìmẹ́ńtì tútù. Ọmọ iṣẹ́ kò sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi di ife omi rẹ̀ mú, kò mu ún. Nígbà tí móòdù kan ètè àtijọ́ ní àárín ilé, tó sì gùn ún láìkọsẹ̀, bàbá mí síta.

Mo lọ síbẹ̀, mo fi ọwọ́ wá ojú ibi tí méjèèjì ti pàdé. Mo mọ̀ ọ́n nípa òtútù rẹ̀ nìkan.

Òdòdó orí òpó ló fi ìrọ̀lẹ́ ṣe. Kò lo móòdù kankan fún un. Ó gé sìmẹ́ńtì tó ti ń le bọ̀ ní ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ sórí òpó, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ wọnú, ó fi etí ṣíbí ìjẹun kan tó ti jẹ tán gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Ewé òdòdó kan nìyẹn. Ó ṣe márùn-ún. Kò sí méjì tó bára mu nínú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó yapa. Ní Òṣogbo, irú ọwọ́ báyìí ni Adébísí Àkànjí ní, birikilà tó mọ kìnnìún àti ẹranko sìmẹ́ńtì bíi ti ojú ilé Àgùdà nígbà tí Ulli Beier pe àwọn birikilà jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, tó sì wá bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun. Ayé ti mọ orúkọ Àkànjí. Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mélòó ni orúkọ tí a ò mọ̀, tí òdòdó wọn wà lórí òpó ní Ẹpẹ́, ní Iléṣà, ní Abẹ́òkúta? Èkó gan-an ò tọ́jú tirẹ̀. Ilé Ìlọ́jọ̀ tó wà ní Tinúbú, tí ìjọba ti kà sí ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti 1956, ní 2016 ni wọ́n wó o lulẹ̀. Inú mi kò tíì rọ̀ sí i.

Mo sùn níbẹ̀ mọ́jú. Wọ́n ti fi àpò ìdọ̀họ tútù bo gbogbo ètè náà kí oòrùn òwúrọ̀ má bàa sán an. Yàrá òkè ni mo sùn sí, fèrèsé onígi tí kò ní gíláàsì. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo rí i pé gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbẹ́ ihò sára igi kan, ó gbẹ́ ahọ́n sára èkejì, ó sì fi ahọ́n bọ ihò. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Atẹ́gùn ń wọlé láàárín àwọn pákó wẹ́wẹ́ rẹ̀, mi ò sì rántí fáànù.

Bàbá dé ní aago méje, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú agbádá funfun lọ́rùn. Ó ṣí àpò ìdọ̀họ kúrò. Ó ní kí n gun àkàbà, kí n da igbá omi kan sórí ògiri lókè ètè. Mo dà á. Omi náà ṣàn wálẹ̀ lára ògiri bí omi ṣe ń ṣe, ó dé orí ètè, ó tàn kálẹ̀, ó yí abẹ́ ètè wọlé bí ẹni fẹ́ padà sára amọ̀. Ó dé ibi ihò tóóró yẹn. Ó dúró. Ó kó ara rẹ̀ jọ ní ẹyọ-ẹyọ, ó sì ń já bọ́ sílẹ̀, tó, tó, tó, ó jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ mi.

Bàbá na ọwọ́ sábẹ́ ètè, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ara ògiri. Ó fi ọwọ́ náà hàn mí. Ó gbẹ. Ó ní kí n da igbá kejì.