Bárò Tí Ó Di Mọ́tò

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ eré-oníṣe ilé-ìwé wa kò rí eré kankan ṣe ní ọjọ́ ìpínfúnni ẹ̀bùn. Ìdí tí a sọ fún olùkọ́ wa ni pé kò sí owó aṣọ. Eré ọba ni a fẹ́ ṣe. A ṣírò iye tí a ó fi yá agbádá, adé àti ìlẹ̀kẹ̀, owó náà sì ju agbára wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tú ká. Èmi náà wà lára àwọn tí ó gbà pé kí a fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo tún wo iṣẹ́ àwọn Ikorodu Bois ni ojú tì mí.

Ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú ló mọ̀ wọ́n. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò àti ìbátan wọn ni wọ́n, ọdún 2017 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú fídíò orin tàbí ìpolówó fíìmù ńlá, wọ́n á sì fi fóònù tún un ṣe ní àdúgbò wọn. Ní 2020, wọ́n ṣe ti Extraction, fíìmù Netflix tí Chris Hemsworth ti jẹ́ olú òṣèré. Àwọn Russo Brothers, tí wọ́n wà lára àwọn tó gbé fíìmù náà jáde, rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn àkọ́kọ́ apá kejì rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyìn àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ ló mú mi kọ àròkọ yìí. Iṣẹ́ náà gan-an ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Wọ́n sábà máa ń gbé fíìmù ti gidi sí ẹ̀gbẹ́ kan, tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìgboyà ni èyí, nítorí òǹwòran yóò rí àṣìṣe lójú ẹsẹ̀. Bí òṣèré òkè òkun bá yí ọrùn, ọmọ Ìkòròdú gbọ́dọ̀ yí ọrùn nígbà kan náà. Nínú àwọn fídíò wọn, bárò lè di mọ́tò, igi lè di ìbọn. A máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á dákẹ́, nítorí ọmọ tó wà nínú bárò kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbà pé mọ́tò ni òun wà. Nígbà tí òun ti gbà, kí ni èmi tí mò ń wò ó fẹ́ jiyàn sí?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa kò mọ̀ nìyí. A rò pé adé ló ń sọ ènìyàn di ọba nínú eré. Ìrìn ni, ohùn ni, àti bí àwọn ìjòyè ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí gbogbo wa bá dọ̀bálẹ̀ tọkàntọkàn fún ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ọba ni lójú òǹwòran. Bí a kò bá sì ṣe ìdánrawò, agbádá olówó ńlá kò ní gbà wá.

Síbẹ̀, mo ní àríwísí kan. Ìtàn tí wọ́n ń tún ṣe nínú irú fídíò yìí kì í ṣe tiwọn. Ìlú Dhaka ní Bangladesh ni ìtàn Extraction ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo wo tiwọn tán, mo mọ bí àwọn ọmọ náà ṣe lè sáré tó, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù tàbí ohun tí wọ́n ń fẹ́. Àdúgbò wa wà lẹ́yìn wọn, kò sọ nǹkan kan. N kò sọ pé àwòkọ burú. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ máa ń kọ́kọ́ rán irú èyí tí ọ̀gá rẹ̀ rán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò gé aṣọ fúnra rẹ̀.

Ìtàn tiwa kò sì jìnnà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni ìyá mi. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, a máa ń lọ sí ọdún Káyókáyó, a ó jẹ, a ó sì yó. Ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé e kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn ń bá jà. Mo ti jẹun ọdún yìí láìmọye ìgbà, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé eré wà níbẹ̀. Ọba tó di àlejò ní ìlú mìíràn, ṣé ọba ni síbẹ̀? Àwọn tó tẹ̀ lé e ńkọ́, kí ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún?

Ohun kan wà tí a kò lè fi bárò rọ́pò, àkókò ni. Ìran tó bára mu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ilé-ìwé wa, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àsìkò ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ SS 2, ẹ̀kọ́ àfikún ló ń gbà á nítorí WAEC. Ẹ̀yin òbí wa, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìdánwò ń bà yín. Ó ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ìwé eré-oníṣe wà lára ohun tí a ń kà fún ìdánwò Yorùbá, kò sì sí bí ẹni tó ti ṣe eré kò ṣe ní mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kàn há a sórí lọ. N kò ní kí ẹ̀kọ́ àfikún parẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré Kòsọ́kọ́. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú omi wa, ọ̀pá tí a fi ń nu ilẹ̀ kíláàsì ni àjẹ̀. A kò béèrè owó aṣọ mọ́. Ìṣòro tó kù ni pé a kò tíì rí ìjòyè tó lè dọ̀bálẹ̀ fún ọba wa láìrẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni a fẹ́ lo ọjọ́ Ẹtì fún.