Zahrah àti Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì Àwọn Ọmọ Wa

Àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta ìṣáájú sẹ́kọ́ńdìrì tó ń wá kéú lọ́dọ̀ wa nírọ̀lẹ́, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ń kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ, wọn kò rí ibi lò ó. Ọmọ yóò há ìtumọ̀ paradox sórí bí ẹni há Fátíà, ṣùgbọ́n ẹ ní kí ó mú àpẹẹrẹ kan wá, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ àlọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà! Kí ni ó ń lọ sí Ọ̀yọ́ tó kọjú sí Ọ̀yọ́, tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ tó tún kọjú sí Ọ̀yọ́? Ìlù olójú méjì ni. Paradox náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ tó dà bí irọ́ létí, bí a bá tú u, òótọ́ ni.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ràn ìwé Zahrah the Windseeker, tí Nnedi Okorafor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2005, tó sì gba ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní 2008. Ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì ni. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ooni, irúgbìn ni wọ́n ń gbìn tó ń hù di kọ̀ǹpútà. Zahrah, ọmọbìnrin ọdún 13, jẹ́ dàda níbẹ̀, ìtàkùn ń hù nínú irun rẹ̀. Ejò bu Dari ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ, inú igbó tí gbogbo ìlú kà léèwọ̀ ni oògùn rẹ̀ sì wà. Ọmọ tó lè fò ni, ibi gíga sì ń bà á lẹ́rù. Olùkọ́ wo ló tún ń wá paradox kiri?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà. Ọmọ Yorùbá ti mọ dàda kó tó ṣí ìwé. Ọmọ kéú mọ̀ pé òdòdó ni zahrah lédè Lárúbáwá. Òdòdó ni orúkọ ọmọ tí ìtàkùn ń hù lórí rẹ̀! Díṣọ́nárì kò lè fi èyí hàn án.

A kò gba gbogbo rẹ̀ wọlé o. Oyè ọba Ifẹ̀ ni Ọọ̀ni, òǹkọ̀wé sọ ọ́ di orúkọ ilẹ̀. Olùkọ́ ní láti là á yé ọmọ. Èyí tó wúwo jù ni ti dàda. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Zahrah ń fi í ṣẹ̀sín nítorí irun rẹ̀, òǹkọ̀wé sì jẹ́ kí a bá a jẹ ìyà náà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tún fi agbára àràmàǹdà sí irun ọ̀hún, irú ìgbàgbọ́ tó ti ni ọ̀pọ̀ ọmọ dàda lára nílé wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún ọmọ yín pé bí Ọlọ́hun ti dá irun náà ni.

Àwọn kan á ní irọ́ ni irú ìtàn báyìí. Ibn Tufayl, tó kú ní 1185, kọ ìtàn ọmọ tí abo ìgalà tọ́ dàgbà ní erékùṣù, tó fi làákàyè rẹ̀ mọ̀ pé Ẹlẹ́dàá wà. Mùsùlùmí ni, onímọ̀ ìṣègùn sì ni.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó fún kíláàsì kan. Kí olùkọ́ kà á sókè bí àfáà ti ń ṣe: gbólóhùn kan, kí ó tú u sí Yorùbá, kí àwọn ọmọ gbè é, kí ó tó bọ́ sí òmíràn.